Ọkọ̀ Òjóò Kì í Gbéra Bí Kò Bá Kún

Èmi ni àbíkẹ́yìn ilé wa. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, nítorí ẹni tí kì í bá ṣe àbíkẹ́yìn kò lè mọ ohun tí ojú mi rí. Àbíkẹ́yìn ni wọ́n ń rán. Wọ́n á ní kó lọ ra búrẹ́dì. Bó bá gbé e dé, wọ́n á ní kó padà lọ ra bọ́tà. Wọ́n á pè é láti yàrá kejì kó wá bu omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń pè é. Ní nǹkan bí ìdajì àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá tí mo sì ń retí èsì ìdánwò, kò sí ìsọ̀ kan láti ẹnu géètì wa ní Bódìjà títí dé ọjà tí wọn kò mọ ojú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn eré kan ju bó ṣe yẹ lọ. Nídìí eré yẹn nìkan ni àwọn tó jù mí lọ ti ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbé e wálé. (Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó". Mo ti gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n ṣáà má parọ́ mọ́ òun.) Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti yanṣẹ́ lódì, wọ́n ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ sílé, òun náà sì kó ẹrù rẹ̀ dé pẹ̀lú ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tó ń lọ sókè òkun ló fi ta á lọ́rẹ. Ìwé òfin eré ni. Kì í ṣe lúdò, kì í ṣe ayò. Ẹnì kan á jókòó, á máa sọ ìtàn: ẹ wà létí odò, ẹ gbọ́ ìró kan lẹ́yìn yín. Àwọn yòókù, oníkálukú á ti yan ẹni tí òun jẹ́ nínú ìtàn náà, wọ́n á sì máa sọ ohun tí àwọn fẹ́ ṣe. Bí ohun náà bá le, wọ́n á da dáìsì kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Ìtàn kan lè gba oṣù mẹ́fà. Kò sí ẹni tó mọ bí yóò ṣe parí, àní ẹni tó ń sọ ọ́ gan-an.

Ìwé náà nìkan ló dé ṣá o. Dáìsì olójú ogún tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, a ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi wá a dé Dùgbẹ̀. Wọ́n fi dáìsì lúdò hàn án, wọ́n tún bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ni a bá ṣa ìdérí ìgò mínírà ogún, a kọ nọ́ńbà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan láti oókan dé ogún, a kó wọn sínú agolo mílíìkì ńlá kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tó le á di ojú, á ki ọwọ́ bọ agolo, á fa ọ̀kan yọ. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe tóbi tó ni oríire rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Àwa mẹ́rin la wà nídìí ẹ̀. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí a ń pè ní Ará Agbowó nítorí pé Agbowó ló gba yàrá sí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, kò sì lọ sílé láti ìgbà tí ìyanṣẹ́lódì ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ọ̀la ni wọ́n máa wọlé. Oṣù mẹ́ta ló fi ń sọ pé ọ̀la ni. Ẹnìkẹrin ni Àǹtí Táípù, tí wọ́n ń gbé ní ilé kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé wa, tí wọ́n sì ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Wọ́n ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, ẹ̀rín wọn sì máa ń dé ojú títì kí àwọn fúnra wọn tó dé. Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí a bá fọṣọ tán, la máa ń ṣeré wa lórí tábìlì ìjẹun.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ ń sọ ìtàn. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé: "Ẹ wọ inú igbó. Igi wà níbẹ̀." Sátidé kejì kò tíì parí tí Ará Agbowó fi sùn. Ni mo bá bọ́ sí i. Mo ní irú igi wo? Mo ní ta ló wà lórí igi náà? Mo ní kí ló dé tí ẹni náà fi wọ bàtà sẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo? Ará Agbowó lajú. Àǹtí Táípù ní, "Ọmọ yìí lẹ́nu o. Ẹ jẹ́ kó máa bá a lọ." Bí mo ṣe gba ipò nìyẹn, mi ò sì fi sílẹ̀ mọ́.

Wàhálà wá dé. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló máa sọ fún àwọn àgbà pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kò bọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi á ní òun fẹ́ fo kòtò, ìdérí ìgò á ní kò lè fò ó, èmi á ní kò fò ó, òun á ní, "Ta lò ń sọ fún?" Ìwé òyìnbó kò sọ nǹkan kan nípa irú ọ̀rọ̀ báyìí. Bóyá wọn kì í ní ẹ̀gbọ́n lọ́hùn-ún ni o. Àǹtí Táípù ló rí ọgbọ́n dá. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, oṣooṣù ni wọ́n ń wálé, wọ́n sì fi fìlà àrán wọn kan tó ti gbó kọ́ sára ìlẹ̀kùn. Àǹtí Táípù mú fìlà náà, wọ́n dé e sí mi lórí, wọ́n ní, "Alága nìyí. A kì í pe alága ní ìwọ."

Òfin ilé wa àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ sọ pé, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè gun igi yìí?" inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé igi náà ti wó ní Sátidé tó ṣáájú. Mo jẹ́ kó gùn ún. Àmọ́ bí mo bá ti ṣí fìlà báyìí, wọ́n á ní kí n sáré lọ ra ẹ̀pà.

Òfin yòókù wá ń tẹ̀ lé e. Ìwé náà kún fún òjò dídì láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn. A sọ ọ́ di ọyẹ́. Ilé olódi òkúta di ilé alájà mẹ́ta kan tí wọn ò kọ́ parí ní Ríńgì Róòdù. Ẹranko oníyẹ̀ẹ́ tó ń pọ iná lẹ́nu, Àǹtí Táípù ní àwọn ò lè bẹ̀rù ohun tí àwọn ò lè gbà gbọ́, a wá fi ọ̀nì kan sábẹ́ afárá dípò rẹ̀. Nínú ìtàn, ẹ̀gbọ́n mi yan ọdẹ, Àǹtí Táípù yan obìnrin tó ń ta epo. Ará Agbowó kì í sì í fi ìrun ṣeré. Ó yan alùfáà tó ń gun ẹṣin nínú ìtàn, òun fúnra rẹ̀ á sì dìde kí ìrun bí wọ́n bá ti pè é ní mọ́ṣáláṣí. Ìgbà kan wà tó lọ kírun, tí àwa yòókù sì jà, tí a jẹ iṣu rẹ̀ nínú ìtàn kó tó dé. Inú bí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má padà wá mọ́. A wá ṣòfin: bí wọ́n bá pe ìrun, ohun gbogbo á dúró. Bí ọ̀nì ti ya ẹnu sílẹ̀, kó dúró pẹ̀lú ẹnu yíya.

Òfin kan tún wà nílé wa tí kò sí nínú ìwé kankan. A kì í pe ikú mọ́ èèyàn. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni màmá mi, obìnrin tó lè fi ojú lásán mú kí kíláàsì mẹ́fà dákẹ́, àmọ́ bí adìẹ wa bá ṣubú lulẹ̀ tí kò dìde mọ́, "ó ti sùn" ni wọ́n máa ń wí. Àwòrán kan wà lára ògiri pálọ̀, ọmọdébìnrin kan tó wọ bàtà funfun, tó fún ojú méjèèjì pọ̀ nítorí oòrùn. Ẹ̀gbọ́n wa ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ibà mú un lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà náà, èmi ò tíì sí. Màmá mi kì í dárúkọ rẹ̀. "Ìyẹn tó ṣíwájú yín" ni wọ́n ń pè é, wọn ò sì pè é bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Mo mọ èyí dáadáa. Ohun tó mú ẹ̀ṣẹ̀ mi wúwo nìyẹn.

Ní Sátidé kan, ọdẹ ẹ̀gbọ́n mi ń kọjá lórí afárá, ọ̀nì yọ. Ó ki ọwọ́ bọ agolo, ó fa oókan yọ. Oókan! Ìwé òfin ní ẹni tó bá fa oókan níwájú ẹranko, tirẹ̀ ti parí. Àǹtí Táípù figbe bọnu. Ará Agbowó wà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá sílẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun, ó gbọ́ igbe, ó sì béèrè láti ibẹ̀ pé kí ló dé. Èmi, pẹ̀lú fìlà lórí, pẹ̀lú oyè tó ti ń gùn mí, mo yọrí lójú fèrèsé, mo sì pariwo bí agbára mi ṣe mọ: "Ẹ̀gbọ́n mi ti kú! Ọ̀nì ti gbé wọn mì!"

Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti géètì wọlé láti ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n gbọ́. Ta ló máa dúró gbọ́ ìdajì kejì? Apẹ̀rẹ̀ já bọ́, tòmátì ń yí lọ sínú gọ́tà. "Yéè! Mo gbé o! Ẹ gbà mí o!" Kí n tó mọ ohun tí mo ṣe, ìyá tó wà nílé kejì ti dé pẹ̀lú ọṣẹ lórí, ẹni tó ń ṣọ́ géètì lójúlé kẹta ti dé pẹ̀lú kóńdó, oníbúrẹ́dì kan tó kàn ń kọjá lọ náà ti wọlé pẹ̀lú àtẹ rẹ̀. Gbogbo wọn kún pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sáàárín wọn, ẹ̀pà sísè kún ẹnu rẹ̀, kò lè gbé e mì, kò lè tu ú.

Màmá mi fọwọ́ kan orí rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan àyà rẹ̀. Wọ́n wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n wá gbá a létí gbàmù.

"Kí ló dé tí o ò dáhùn?"

"Mà, ẹ ò pè mí."

Wọ́n gbá a létí kejì. Oníbúrẹ́dì bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù náà tẹ̀ lé e, ilé di yẹ̀yẹ́. Màmá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sílẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí, ojú wọn sì lọ sára ògiri, síbi àwòrán yẹn. Èmi náà wo ibẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo ṣí fìlà lórí, mo sì lọ ń ṣa tòmátì nínú gọ́tà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi.

Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n tì í mọ́nú àpótí aṣọ. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀, Ará Agbowó dọ̀bálẹ̀, èmi àti Àǹtí Táípù wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá ilé kejì ti sọ pé bóyá ìwé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Màmá mi ní ìyẹn kọ́ ló ń dun àwọn. "Mo ti kà á. Irọ́ lásán-làsàn ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni mò ń bá yín wí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Wọ́n wá dájọ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé: kí a lọ tún òfin wa ṣe. Sátidé tó ń bọ̀, àwọn fúnra wọn máa jókòó tì wá. "Bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan kú lórí tábìlì mi, ìwé yẹn ni màá fi dáná ẹ̀wà."

Ẹ̀yin ará, mi ò sùn dáadáa. Àwọn yòókù ń rò ó pé eré máa parí. Èmi ń rò ó pé bí eré bá parí, fìlà parí, mo sì tún di ẹni tí wọ́n ń rán lọ ra ẹ̀pà ní Sátidé, Sọ́ńdè, Mọ́ńdè, títí ayé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo mọ̀ pé òfin ṣíṣe le ju òfin rírú lọ. A jókòó sẹ́yìnkùlé lójoojúmọ́, à ń jiyàn. Àǹtí Táípù ní kí ẹni tó bá fa oókan kàn máa sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Tó bá jí ńkọ́? Bí kò bá sí ẹni tó lè ṣègbé, kí là ń bẹ̀rù ọ̀nì sí? Ẹ jẹ́ ká kúkú máa kí i." Òótọ́ ló sọ. Lúdò tí wọn kì í lé ọmọ ẹnikẹ́ni padà sílé, ta ló máa ta á? A wà níbẹ̀ títí di Ọjọ́bọ̀, a ò rí nǹkan kan mú jáde.

Ará Agbowó ló wá ń sọ̀rọ̀ ilé. Ó ní nígbà tí òun bá ń lọ sí Ìsẹ́yìn, Òjóò ni òun ti ń wọkọ̀. Ó ní bí èèyàn bá ti wọlé, tí ọkọ̀ sì gbéra, ó tán. Bí o bá gbàgbé ìyá rẹ sí gárèèjì, o ò lè pè é mọ́. "Àmọ́ ọkọ̀ Òjóò kì í gbéra bí kò bá kún," ló wí. "Mo ti jókòó nínú ọkọ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán nítorí èrò kan ṣoṣo. Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ wá bá mi níbẹ̀, ó bẹ̀ mí, mo sì sọ̀ kalẹ̀."

Mo dìde dúró. Mo ní, "Ẹ dákẹ́! Ẹ dákẹ́!" bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí a ṣe nìyí. Ẹni tó bá fa oókan, kò sí ohun tó ṣe é. Ó ti wọkọ̀ ní Òjóò ni. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjìdínlógún ni. Èrò á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, dáìsì lúdò ló máa sọ iye tó wọlé nígbàkígbà. Kí ọkọ̀ tó kún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè sáré lọ sí gárèèjì lọ bẹ agbèrò. Àmọ́ agbèrò kì í fẹ́ kí àga ṣófo, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi nǹkan tó tó èèyàn dípò rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fa nọ́ńbà tó ju mẹ́wàá lọ kí agbèrò tó gbà. Bí ọkọ̀ bá kún, ó lọ nìyẹn. Àǹtí Táípù tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé ní ọ́fíìsì wọn, òfin mọ́kànlá, ó dà bí ìwé ìjọba. Ẹ̀gbọ́n mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní èyí tilẹ̀ tún ba òun lẹ́rù ju ti òyìnbó lọ.

Sátidé pé. Màmá mi gbé àga wá, wọ́n gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gbé àwo ẹ̀wà kan lé itan, wọ́n ń ṣà á. Ẹ̀wà yẹn ni ìwé wa máa sè bí nǹkan bá bàjẹ́. Mo dé fìlà. Ọdẹ ẹ̀gbọ́n mi tún dé orí afárá. Mo ní kí ó gba ọ̀nà mìíràn, ó kọ̀, orí kunkun ni. Ó ki ọwọ́ bọ agolo. Ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ nọ́ńbà tó fà?

Oókan ni. Ọwọ́ màmá mi dúró nínú ẹ̀wà.

Mo ní, "Ọ̀nì fi ìrù gbá ọdẹ, ọdẹ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ìgbà tó máa lajú, ó bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ kan ní Òjóò, nídìí fèrèsé. Bí a bá ka ọdẹ mọ́ wọn, àwọn mọ́kànlá ló ti wà nínú rẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?" Màmá mi ló béèrè.

"Ó wọkọ̀ ni, Mà. Bí ọkọ̀ bá kún, ó lọ nìyẹn. Bí kò bá tíì kún, wọ́n lè lọ mú un."

Wọ́n wò mí. Màmá mi kì í ṣe òmùgọ̀; wọ́n mọ ohun tí ọkọ̀ yẹn jẹ́. Mo rò pé wọ́n máa dìde. Wọ́n ní, "Èrò mélòó ló kù?"

"Méje, Mà."

"Kí lẹ wá ń dúró ṣe? Ẹ lọ mú un!"

Báyìí ni eré bẹ̀rẹ̀. Ará Agbowó gbé Àǹtí Táípù sẹ́yìn ẹṣin pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo wọn. Mo ju dáìsì: èrò méjì wọlé. Wọ́n dé Agbowó, ẹṣin ní òun fẹ́ mu omi. Mo tún jù ú: mẹ́ta wọlé. Màmá mi ti gbé àwo ẹ̀wà kúrò lórí itan. Wọ́n ń rí gárèèjì lọ́ọ̀ọ́kán, mo jù ú: ẹnì kan. Ó di mẹ́tàdínlógún. Àyè kan ṣoṣo ló kù. Àfi bí wọ́n ṣe pe ìrun Ásárì.

Ará Agbowó dìde, ó lọ ń ṣe àlùwàlá.

"Níbo ló ń lọ?" Màmá mi dìde. "Ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ó dúró, Mà. Òfin ni. Bí wọ́n bá pe ìrun, ohun gbogbo á dúró."

Wọ́n jókòó padà. Wọ́n ní, "Òfin yìí dára." Wọ́n tún ní, "Ṣùgbọ́n kó má pẹ́ níbẹ̀."

Nígbà tó padà dé, wọ́n dé gárèèjì. Èmi ni agbèrò. Mo mú kí ohùn mi ki, mo yí fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní èmi ò sọ ẹnikẹ́ni kalẹ̀ o, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Àǹtí Táípù fi epo lọ̀ mí. Mo ní ó máa dà sára èrò. Wọ́n fa ìdérí: mẹ́rin. Ará Agbowó fi ẹṣin rẹ̀ lọ̀ mí. Mo ní ta ló fẹ́ jókòó ti ẹṣin. Ó fa ìdérí: méje. Ó tán. Mo mú dáìsì lúdò. Bí mo bá ti jù ú báyìí, ó kéré tán ẹnì kan á wọlé, ọkọ̀ á kún. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ọwọ́ lé orí.

"Gbé dáìsì yẹn sílẹ̀," màmá mi wí.

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà. Mo ní, "Mà, èmi ni Alága."

Ẹ̀gbọ́n mi di ojú. Màmá mi wo fìlà bàbá mi tó wà lórí mi, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n wá tún ìró wọn so. Wọ́n ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n bá agbèrò yẹn sọ̀rọ̀."

Ìyá mi ni o. Ìyá tó bí mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga.

Kí n tó dáhùn, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. "Ìwọ agbèrò! Wá ńbí. Ṣé èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ ní ìwé kejì? Ìwọ tí o máa ń ní orí ń fọ́ ọ tí ìṣirò bá dé? Ọmọ ọlọ́mọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ, o ò bi í bóyá ó jẹun, o ò bi í ta ló ń retí rẹ̀ nílé! Sọ ọ́ kalẹ̀!" Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, bí ẹni pé èmi gan-an ni mo sá kúrò ní kíláàsì ìṣirò. Àmọ́ òfin ni òfin. Mo na agolo sí wọn. Wọ́n nu ọwọ́ wọn lára ìró, wọ́n di ojú, wọ́n fa ìdérí yọ.

Mẹ́tàdínlógún!

Àǹtí Táípù kígbe tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tún kó àwọn ará àdúgbò wọlé. Mo ní, "Kí lẹ máa fi dípò rẹ̀, Mà? Àga kò gbọdọ̀ ṣófo." Wọn ò tilẹ̀ rò ó. Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà láti ilẹ̀, wọ́n gbé e ka orí tábìlì síwájú mi. "Àpò ẹ̀wà kan. Gbé e sí àyè rẹ̀." Báyìí ni ọdẹ ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Òjóò. Ìwé wa kò jóná, èmi sì ṣì wà lórí àga mi.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, tí àwọn yòókù bọ́ síta lọ ń jiyàn nípa ẹṣin, màmá mi ṣì jókòó. Wọ́n ń to àwọn ìdérí ìgò jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Alága."

"Mà?"

"Ọkọ̀ tó ti kún ńkọ́? Èyí tó ti lọ tipẹ́?"

Mo wo ìwé tí Àǹtí Táípù tẹ̀. Mo kà á láti òfin kìíní dé ìkọkànlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n lórí. Mo ní, "Òfin ò sọ, Mà."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n gbé ẹ̀wà wá kí àwọn ṣà á tán, ilẹ̀ ń lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀, mo ṣí fáìlì tí a ń kó ìwé eré wa sí láti wá ìwé kan. Mo rí i pé wọ́n ti fi bírò kọ nǹkan sábẹ́ òfin kọkànlá, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé gbọọrọgbọọrọ tí màmá mi fi ń kọ̀wé sójú pátákó. Òfin kejìlá: Awakọ̀ tó gbé èrò lọ á padà sí gárèèjì rẹ̀. Kí ẹ máa lọ wò ó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bébà kan wà, irú èyí tí a fi ń kọ ẹni tí oníkálukú jẹ́ nínú eré. Kò sí orúkọ lórí rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó fẹ́ràn bàtà funfun. Mo ṣírò ọjọ́ orí náà lẹ́ẹ̀mejì: iye ọdún tí ẹ̀gbọ́n wa ìbá ti pé báyìí ni. Mo sì jókòó sílẹ̀, mo sunkún, mo nu ojú, mo lọ ra bọ́tà tí wọ́n rán mi.

Nígbà tí Sátidé dé, mo gbé àga karùn-ún sídìí tábìlì, mi ò bi ẹnikẹ́ni. Màmá mi wá jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ti ń jókòó síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo dé fìlà. Mo ní ọkọ̀ kan ń wọ gárèèjì Òjóò bọ̀, eruku bò ó, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ìlẹ̀kùn ṣí. Ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó wọ bàtà funfun.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?" mo bi wọ́n.

Màmá mi wò yíká tábìlì. Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Mò ń wá àwọn àbúrò mi. Wọ́n ní wọ́n ń gbé ní Bódìjà."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé bébà ọdẹ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Èmi rèé. Ẹ káàbọ̀."

Èmi ò jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ìtàn náà. Alága ni mí. Alága kì í ní àyè láàárín àwọn tó ń rìn. Mo ṣí fìlà bàbá mi lórí, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo. Mo ní, "Èmi náà rèé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò mọ̀ mí. Ẹ̀yìn yín ni wọ́n bí mi."

Ará Agbowó ní òfin ò gbà kí Alága ṣí fìlà láàárín eré. Màmá mi ní kó panu mọ́.